Tírígà Geissele SSA: ó tówó ẹ̀ dáadáa

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ tírígà ìbọn AR-15 yín, ìyẹn ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, SSA tí iléeṣẹ́ Geissele ń ṣe yìí ni kẹ́ ẹ rà o jàre. Èyí tó máa ń bá ìbọn wá le, ó ń ha bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà, ìbọn á ti mì kọ́ta tó jáde. SSA ní ìpele méjì, wàá kọ́kọ́ fà á wẹ́rẹ́, ó máa dá ìka ẹ dúró níbì kan, tó o bá wá tún tẹ̀ ẹ́ bíntín ó ti dún nìyẹn, gbogbo agbára tí ìka máa fi fà á ò sì ju ìwọ̀n bíi pọ́ùn 4.5 lọ. Irú ẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ SSA-E fúyẹ́ láti fà jù ú lọ, bíi pọ́ùn 3.5, àwọn tó ń yìnbọn sí bébà lè fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ọdẹ tó wọ ìbọ̀wọ́ nínú òtútù, mi ò fọwọ́ sí i fún un rárá. Ó wọ́n o. Ẹ ṣáà má gbé ìbọn yẹn bọ̀ wá sílé Ojúde Ọba, òfin Nàìjíríà ò gbà á lọ́wọ́ aráàlú.