Kẹ̀kẹ́ ológeere láàárín àwọn ìlú orí òkè Toscana ní Ítálì: ṣé ó tó owó rẹ̀?

Ó tó o. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fowó lé e kí wọ́n fún yín ní kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Èmi san án. Bàbá Ìbejì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní orí kẹ̀kẹ́ làwọn dàgbà sí l'Ábẹ́òkúta, kí ni bátìrì ń wá lábẹ́ àwọn?

Irú ìrìn-àjò tí kò ní amọ̀nà la rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ náà fún wa ní kẹ̀kẹ́, akoto àti máàpù orí fóònù, ó sì ti bá wa gba òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ láti Siena títí dé Montepulciano. Láràárọ̀, ẹ ó kó báàgì yín sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, mọ́tò á wá gbé e, ẹ ó sì bá a ní ìlú tí ẹ ó sùn. Nínú gbogbo ohun tí a sanwó fún, èyí ló tẹ́ mi lọ́rùn jù: kò sígbà kankan tí a dé ṣáájú ẹrù wa. Máàpù náà kò ṣì wá lọ́nà, àní láàárín oko àjàrà tí fóònù ò ti gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Orí strade bianche, ọ̀nà funfun, ni adùn wà: ọ̀nà oko tí wọn ò da ọ̀dà sí. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun ń díje lórí rẹ̀ lọ́dọọdún láti 2007, gbàgede Piazza del Campo ní Siena ni wọ́n sì ń parí eré sí. Ẹ má retí kó tẹ́jú. Òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ á máa gbọn yín lápá, eruku rẹ̀ funfun bíi láfún, á bo ṣéènì, á wọ imú. Ṣùgbọ́n ẹ wo oko àlìkámà lọ́tùn-ún, igi ólífì lósì, ilé kan ṣoṣo lókè réré! Val d'Orcia nìyẹn, tí UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé láti 2004.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́: ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀nà Buonconvento sí Montalcino "rọrùn díẹ̀". Rọrùn fún ta ni? Ẹ ó gbéra ní nǹkan bí 150 mítà, ẹ ó gùn ún kọjá 550. Bátìrì tèmi ń hùn ún-ùn ún-ùn, mò ń lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bàbá Ìbejì ti sọ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́. "Ìyá Ìbejì, máa lọ, mò ń bọ̀." Mo ní, "Ẹ rọra o, a ò bá ẹnikẹ́ni díje."

Ìdí tí wọ́n fi tẹ ìlú sórí òkè báyìí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá: ogun ni. Nígbà tí Siena ṣubú ní 1555, Montalcino ni àwọn ará ibẹ̀ tí kò gbà láti juwọ́ sílẹ̀ sá lọ, wọ́n sì dúró títí di 1559. Odi wọn ṣì wà níbẹ̀. Wáìnì Brunello ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀ báyìí.

Pienza kéré, ó sì mọ́ tónítóní. Póòpù Pius Kejì tí wọ́n bí síbẹ̀ ló tún un kọ́ láti 1459, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́ (agbára ń bẹ!). Wàràkàṣì àgùntàn ń ta sánsán lójú pópó. Ní Bagno Vignoni, adágún omi gbígbóná ló wà níbi tó yẹ kí gbàgede wà, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí ènìyàn wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì: táyà Bàbá Ìbejì jò lọ́nà Montepulciano, níbi tí kò sí fọkanáísà kankan. Túúbù wà nínú àpò tí wọ́n fún wa, kò sí irin tí a ó fi ṣí táyà. A pe nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, wọ́n ní ó di ìrọ̀lẹ́. Ìdí ṣíbí la fi yọ ọ́ níkẹyìn. Ẹ yẹ àpò yín wò kí ẹ tó kúrò ní Siena.

Ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́sàn-án, oúnjẹ alẹ́ kì í sì í yá, nítorí náà ẹ ra omi àti búrẹ́dì láàárọ̀. Ẹ gbé ata gígún dání. Oṣù Karùn-ún tàbí Kẹsàn-án ló dára jù. Oòrùn oṣù Kẹjọ kò ṣeé bá ṣeré. Bó bá jẹ́ eré ẹṣin Palio lẹ fẹ́ wò, ọjọ́ kejì oṣù Keje àti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń ṣe é, kí ẹ sì tètè gba òtẹ́ẹ̀lì Siena.