CalculiX àti time step: ohun tójú mi rí níbi tí mo ti ń tẹ alumíníọ́mù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà tẹ irin, CalculiX yìí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe máa yí padà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, dáa gan-an o. Ọ̀fẹ́ ni, Guido Dhondt àti Klaus Wittig tí wọ́n jẹ́ ará MTU Aero Engines ní Munich, Jámánì, ni wọ́n kọ ọ́, láptọ́ọ̀pù lásán sì ń gbé e. Àmọ́ time step ẹ̀, ìyẹn bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó fi ń ṣírò ṣe tóbi tó, ló máa ń da èèyàn láàmú jù.

Nọ́ńbà mẹ́rin lẹ máa kọ sábẹ́ ìlà *STATIC nínú fáìlì tẹ́ ẹ máa fún un: ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ gbogbo ẹ̀, ìgbésẹ̀ tó kéré jù, èyí tó tóbi jù. Kì í ṣe àsìkò aago rárá. Tí àpapọ̀ bá jẹ́ 1, tó wá dé 0.5, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì nìyẹn.

Èmi ń tẹ ọ̀pá alumíníọ́mù kúkúrú kan, gíga ẹ̀ 30 mm, mo fẹ́ kó wálẹ̀ 10 mm, element mi, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí kọ̀ǹpútà pín in sí, sì jẹ́ 1 mm. Mo kọ́kọ́ fi 1 bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo 10 mm lẹ́ẹ̀kan, ta ló ń gbé òkèlè tó tó yẹn mì? Ó gé e kéré, ó gbìyànjú, ó tún gé e fúnra ẹ̀, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ̀rù wá bà mí, mo fi 0.005 síbẹ̀rẹ̀, mo tún fi í sí èyí tó tóbi jù, mo lọ sùn, ilẹ̀ mọ́, 5 mm péré ló wálẹ̀! Mo ṣí fáìlì .sta, níbi tó ti ń kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìlà kan, ìlà 100 gééré, ó dúró sí 0.5. INC, ìyẹn iye ìgbésẹ̀ tó lè gbé, ló fà á: téèyàn ò bá kọ nǹkan kan, 100 ló máa ń gbà, ó wà nínú ìwé ìlò ẹ̀, èmi ni mi ò kà á débẹ̀. Ẹ kọ INC=1000 sí ìlà *STEP, ẹ fi NLGEOM sí i, kó lè mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ máa yí padà púpọ̀.

Ní báyìí, 0.01 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó tóbi jù ò ju 0.02 lọ, ìyẹn 0.2 mm lẹ́ẹ̀kan. Ìdí ni pé tó bá fi máa wálẹ̀ tán, element tó jẹ́ 1 mm á ti ku bíi 0.67, èmi ò sì fẹ́ kí node (igun element) kankan rìn ju ìdá kan nínú mẹ́ta element lọ lẹ́ẹ̀kan, torí tó bá fò jù, element á lọ́, irin tó ń tẹ̀ ẹ́ á sì wọnú èyí tá à ń tẹ̀.

Àwọn tó ń lo explicit, ọ̀nà ìṣírò mìíràn tí time step ẹ̀ jẹ́ àsìkò gidi, ò ní òmìnira yìí o, time step wọn ò gbọ́dọ̀ ju àsìkò tí ìró fi ń la element kan kọjá lọ, ìró sì ń sáré bíi mítà 5000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú irin, element 1 mm ò lè gba ju bíi 0.2 microsecond lọ, element tíńtín kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ á fa gbogbo iṣẹ́ sẹ́yìn.

Tí ẹ ò bá fẹ́ràn kíkọ fáìlì fúnra yín, ẹ gba PrePoMax, ètò tẹ́ ẹ ti lè fi máòsì ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ẹ̀, CalculiX yìí náà ló ń bá a ṣiṣẹ́.