Ọjọ́ mẹ́ta lórí omi láti Abẹ́òkúta: àgbéyẹ̀wò Tarkwa Bay, Ìlàṣẹ̀ àti Gbẹ̀rẹ̀fù

Abẹ́òkúta kò ní òkun, ṣùgbọ́n omi Odò Ògùn tó ń kọjá lábẹ́ afárá Láfẹ́ńwá, ọ̀sà Èkó ló ń lọ. Ẹni tó bá ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú lè tẹ̀ lé e, kó sùn sí etí òkun, kó wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí omi tó dákẹ́, kó sì gba Badagry padà wálé láì tún ọ̀nà àkọ́kọ́ rìn. Erékùṣù ni gbogbo ayé ń pe Tarkwa Bay, Ìlàṣẹ̀ àti Gbẹ̀rẹ̀fù, àmọ́ orí ilẹ̀ yanrìn tóóró gígùn kan náà ni wọ́n tò sí, òkun lápá kan, omi Badagry lápá kejì. Ọkọ̀ ojú omi lèrò fi ń dé ibẹ̀, ìdí nìyí tí àgbéyẹ̀wò yìí fi dá lé ọkọ̀ ju etíkun lọ.

Aago ló máa ń ba ìrìnàjò yìí jẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ kúrò nílé láàárọ̀ ni ìgbì máa ń nà lọ́sàn-án, òun náà ni ilẹ̀ sì máa ń ṣú mọ́ ní èbúté.

Ọkọ̀ ojú irin: máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Ibùdókọ̀ wa ní Láderin, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká pè, jìnnà sí àárín ìlú. Láti Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́, ẹ yọ wákàtí kan sọ́tọ̀. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ tí orúkọ rẹ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu dání. Ọkọ̀ àárọ̀ tó ń ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn bọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Bíi wákàtí kan ààbọ̀ ló máa gbé yín dé ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, Èbúté Mẹ́ta, ẹ ò sì ní rí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Sango sójú. Mo yọ máàkì kan nítorí pé ọkọ̀ tó ń lọ lójúmọ́ kò pọ̀: bí tàárọ̀ bá lọ, ẹ sún ìrìnàjò síwájú. Ọkọ̀ ọ̀sán á já yín sí Èkó nígbà tí omi ti ń ru.

Láti Alágoméjì, ẹ gba táàsì lọ sí èbúté Five Cowries ní Fálómò tàbí Mekunwen ní Ìkòyí. Èbúté yòówù tí ẹ bá lò, ẹ yan èyí tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìwé orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye ẹni tí wọ́n máa wá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà yín lọ síbi tí ọkọ̀ kan dá dúró sí lábẹ́ afárá pé tòun dín owó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá tó mẹ́fà sí mẹ́wàá, ẹ gba odindi ọkọ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kó yé ẹ̀yin àti ọlọ́kọ̀ bóyá owó náà kan epo, wákàtí tó máa fi dúró dè yín ní Tarkwa Bay, àti ìrìn láti Tarkwa Bay dé Ìlàṣẹ̀. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ a máa dárúkọ owó àlọ nìkan, wọ́n á wá dárúkọ òmíràn nígbà tí ẹ bá ti wà láàárín omi. Ẹ san ìdajì ní èbúté, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹrù yín bá ti dé ilẹ̀ ní Ìlàṣẹ̀.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, 3 nínú 5, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì pọ̀ jù. Ọkọ̀ fáíbà ló pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì Yamaha lẹ́yìn. Ẹ̀wù ìléfòó ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ fóòmù inú rẹ̀: bó bá ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ, tàbí tó wúwo nítorí pé omi ti wọ̀ ọ́, kò lè gbé ènìyàn. Ẹ ka ìwọ̀n ara tí wọ́n kọ sí i nínú. Ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹlòmíràn di èjìká ẹ̀wù náà mú kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù, á sì yọ lọ́rùn yín nínú omi. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín itan kọjá. Mi ò rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní ti ọmọdé tó dára, nítorí náà òbí tó ń mú ọmọ lọ, kó ra tirẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀wù, ẹ wo ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá tán an. Omi tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì dáwọ́ dúró. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù nìyẹn. Bí kò bá tú, tàbí tó ń kán tótó, ọ̀rá píọ́wọ́tà tàbí ìdọ̀tí ti dí ẹnu ibi tó ti ń fa omi, ẹ́ńjìnnì náà á gbóná, á sì kú láàárín ọ̀nà. Ẹ béèrè bóyá àjẹ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì kejì wà nínú ọkọ̀, àti okùn ìdákọ̀ró. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú ní ẹnu ọ̀nà òkun tí kò sì sí ìdákọ̀ró, ibi tó bá wu omi ni omi máa gbé ọkọ̀ lọ.

Àárín ọkọ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Iwájú máa ń gbọ́n ènìyàn mọ́ orí ìjókòó, aláboyún àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ní tirẹ̀, òórùn epo ń bẹ níbẹ̀, òun ló sì ń mú èébì yá. Ibi jínjìn tí ojú ọ̀run ti pàdé omi ni kí ẹni tí omi ń dà láàmú máa wò. Ẹni tó bá ń wo fóònù ló máa kọ́kọ́ bì.

Ní àárọ̀, ọ̀sà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ọ̀sán, atẹ́gùn òkun á máa fẹ́ wọlé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Bí omi bá wá ń fà jáde sí òkun ní wákàtí yẹn, atẹ́gùn àti omi á kọjú ìjà síra wọn ní ẹnu ọ̀nà òkun, ìgbì á kúrú, á ga, á sì máa na ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gbà-gbà. Ẹ wo àkókò tí omi ń kún àti èyí tó ń fà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dára jù fún ìrìn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kùrukùru ọyẹ́ lè dá ọkọ̀ dúró láàárọ̀. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, òkun máa ń ga. Ẹ tún máa ṣọ́ ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó lórí ọ̀sà. Nígbà tí omi odò wa bá kún wọ ọ̀sà ló máa ń gbilẹ̀, torí iyọ̀ ló ń pa á, ó sì máa ń wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ á pa ẹ́ńjìnnì, á gbé e sókè, á fi ọbẹ gé ewéko náà kúrò; èyí tó bá ń tẹ iná mọ́ ọn, ẹ sọ fún un pé kó dúró.

Tarkwa Bay, 4 nínú 5. Bíi ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ni láti Ìkòyí. Odi òkúta tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀nà òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló dáàbò bo etíkun yìí. Odi kan náà ló ń dá yanrìn dúró lápá ìwọ̀ oòrùn, tó fi di pé Bar Beach ní òdì kejì kò rí yanrìn gbà mọ́, tí òkun sì jẹ ẹ́. Inú apá tí odi dáàbò bò ni kí ẹ ti wẹ̀. Apá tó kọjú sí òkun gbangba, tàwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ni. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n sì ń kọ́ni: ẹ gba wákàtí kan, ẹ sanwó lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ má sì lọ láìsí okùn tó so pátákó mọ́ kókósẹ̀.

Bí ẹ bá rí ibi tí ìgbì kò ti ń fọ́, tí omi dúdú díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má rò pé ibẹ̀ ló rọ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà padà sí òkun nìyẹn. Ẹni tí omi yẹn bá gbé, kó má wẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. Kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí agbára omi á fi dínkù, kó tó yí padà sí ilẹ̀.

Ẹ kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta, ó pẹ́ tán aago mẹ́rin, kí ẹ lè dé Ìlàṣẹ̀ nígbà tí ojúmọ́ ṣì wà. Wọn kì í gba ọkọ̀ èrò láyè lórí omi lálẹ́ ní Èkó, òfin yẹn sì tọ́: igi, àwọ̀n apẹja àti ọkọ̀ tí kò tan iná kì í hàn nínú òkùnkùn.

Ìlàṣẹ̀ ni mo fún ní 5. Lójú òkun, ariwo ìgbì. Ní ẹ̀yìn, omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín igi. Ilé etíkun ni wọ́n ń háyà. Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣiṣẹ́, bóyá omi kànga rẹ̀ níyọ̀, bóyá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àti ẹni tó ń gbé gáàsì wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́sàn-án ni kí ẹ wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí omi ẹ̀yìn yẹn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn atẹ́gùn á dé, ọkọ̀ àwọn tó ń wá ṣe fàájì á sì máa ru omi lù yín.

Ẹ gbé omi mímu lítà mẹ́ta fún ẹnìkan lójúmọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọjà ibẹ̀. Ẹ mú owó kékeré dání, torí POS kì í ní nẹ́tíwọ̀kì nígbà gbogbo. Gaàrí, ẹja gbígbẹ àti ata díndín ló ń bá omi mu. Fún ẹni tí òòrùn bá mú tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi kan tó mọ́. Ẹ di fóònù sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ yí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́ta kí ẹ tó so ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ já yín sí Mile 2 tàbí Ìjẹ́gùn-Ẹ̀gbá, kí ẹ gba mọ́tò lọ sùn ní Badagry. Ọ̀nà náà ni apá tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, 2 nínú 5: tírélà, àti ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró lemọ́lemọ́.

Gbẹ̀rẹ̀fù ni ti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ sọdá láti etí omi Badagry láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ni, bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú yanrìn, ẹ ó kọjá kànga tí wọ́n ní wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú ní omi ìgbàgbé mu, títí dé etí òkun tí wọ́n ti ń kó wọn lọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, yanrìn náà ń jó bí iná. Ẹ gba afinimọ̀nà kan ṣoṣo láti òwúrọ̀, kí ẹ sì dúnàádúrà lórí owó rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀, nítorí ẹlòmíràn á tún fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín ní òdì kejì.

Nígbà tí ẹ bá sọdá padà, ẹ yà sí ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845. Ó kan àwa Ẹ̀gbá gbọ̀ngbọ̀n: Badagry ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, gbà kó tó dé Abẹ́òkúta ní 1843. Aago kan ọ̀sán, kí ẹ ti wà nínú mọ́tò: Agbára, Àtan, Sango, Ifọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ ti dé Pánṣẹ́kẹ́.