Ọwọ́ tó ń tutù lórí máṣíìnì: ìbọ̀wọ́, hand cover àbí heated grip, èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun máṣíìnì jáde ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ̀yin lẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Ìjẹ̀dé ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, Ọ̀dọ̀gunyàn ni ibi iṣẹ́ mi wà, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń gbéra, tó bá wá di oṣù December tí ọyẹ́ ti dé, atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀sà á dara pọ̀ mọ́ tọyẹ́, kí n tó dé Sábó ìka mi á ti le bí igi. Lọ́dún tó kọjá ajá kan ṣàdédé já wọ títì níwájú mi, mo fẹ́ di bíréèkì ọwọ́ mú, ojú mi rí i pé ìka ń ká àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá pé mo ti dì í mú, bíréèkì ẹsẹ̀ ló yọ mí. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo máa fi sọ́wọ́ máṣíìnì, mo ra èyí, mo ra tọ̀hún, mo sì ń bá àbúrò mi tó ń fi máṣíìnì gbé oúnjẹ kiri ní Leeds, ní UK, sọ ọ́, torí òtútù tiwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa, òun ló sì kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ heated grip fún mi, ìyẹn rọ́bà ọwọ́ máṣíìnì tó ń fi iná bátìrì gbóná.

Kẹ́ ẹ tó mú owó jáde, ẹ mọ ohun tó ń mú ọwọ́ tutù gan-an. Ìdájí ọyẹ́ ní Ìkòròdú, ó lè wà ní bíi 20 degree, ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ kàn máa wá ṣuẹ́tà wọ̀ ni, ọwọ́ ẹ̀ ò ní kú tipiri. Eré tẹ́ ẹ ń sá lórí máṣíìnì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Atẹ́gùn yẹn ń gba ooru lára ìka yín bí ìgbà tí èèyàn ń fẹnu fẹ́ ògì gbígbóná kó lè tètè ṣeé mu. Ní Leeds tí ojú ọjọ́ bá wà ní 5 degree, tẹ́ ẹ wá ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ó ṣe máa rí lára ni bíi ìgbà tó ti wọ -1, ìyẹn irú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín. Tí òjò bá tún wá kún un, omi máa ń fa ooru lára ní bíi ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ẹ kọ́kọ́ dí atẹ́gùn àti omi ná, lẹ́yìn ìyẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ra ohun tó ń lo iná.

Ìbọ̀wọ́ ni owó ẹ̀ kéré jù. Èyí tí wọ́n fi òwú hun tí wọ́n ń tà kiri ní Sábó yẹn, ẹ má fowó ṣòfò, atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́, tí òjò bá sì pa á ó ti di kànìnkànìn tẹ́ ẹ wọ̀ sọ́wọ́. Aláwọ ló dáa, atẹ́gùn kì í wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá sì ṣubú (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́) ọwọ́ lèèyàn fi ń gbalẹ̀, awọ yẹn ló máa bó dípò àtẹ́lẹwọ́. Àlébù ẹ̀ ni pé tó bá rin kì í tètè gbẹ, ẹni tó bá sì sá a sí oòrùn gangan, ó máa gan ni, abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí.

Ohun kan tí mo rí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe: etí ìbọ̀wọ́ ló yẹ kó wọ abẹ́ ọwọ́ ráìnkóòtù. Tẹ́ ẹ bá ki ọwọ́ ráìnkóòtù bọnú ìbọ̀wọ́, gbogbo omi tó ń ṣàn bọ̀ látèjìká, inú ìbọ̀wọ́ ló ń dà sí, bí ìgbà tí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ páànù nígbà òjò. Mo ti tú ìbọ̀wọ́ dé ibi iṣẹ́ rí tí omi ṣàn jáde nínú ẹ̀, mo sì rò pé ìbọ̀wọ́ yẹn ni ò dáa, àṣé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́.

Hand cover ló kàn. Ó dà bí àpò ńlá méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ máṣíìnì, bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì á wà nínú ẹ̀, ẹ máa wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń dí atẹ́gùn, ó ń dí òjò, kò jẹ iná kankan, kò ní bátìrì lò, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì owó heated grip gidi. Àmọ́ ẹ má kàn rà á nítorí pé ó nípọn o. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iwájú ẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á: tó bá rọ̀ tó ń wọlé, ẹ fi í sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti ń sáré atẹ́gùn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ bíréèkì, bíréèkì iwájú á máa dì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, iná ẹ̀yìn á máa tàn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò sì ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ dúró lóòótọ́. Èyí tó bá ní ike tó le nínú lẹ máa rà. Ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ dáadáa kí ọwọ́ lè yára jáde. Ẹ jókòó sórí máṣíìnì ní àgbàlá ilé kẹ́ ẹ fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì họ́ọ̀nù àti tíráfíkétọ̀ títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n, torí tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ ojú ò ní rí wọn mọ́. Ní tiwa níbí, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí oòrùn yọ, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn èyí tó ṣeé tú kíákíá ju èyí tí wọ́n fi okùn so pinpin lọ.

Ó wá kan heated grip fúnra ẹ̀, ibẹ̀ lowó pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. Rọ́bà ọwọ́ máṣíìnì ni, bí èyí tẹ́ ẹ ti mọ̀, àmọ́ wọ́n fi wáyà tó ń gbóná sínú ẹ̀, iná bátìrì ló ń lò. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa rí. Èkíní ni odindi rọ́bà tí wọ́n ti ṣe wáyà mọ́ nínú, bíi HotGrips tí iléeṣẹ́ Oxford ń ṣe, òun ló dáa jù, ó ní ìpele márùn-ún tẹ́ ẹ fi lè dín ooru kù tàbí fi kún un, àwọn kan lára ẹ̀ sì máa ń kú fúnra wọn tí bátìrì bá ti ń rẹlẹ̀. Èkejì ni pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irin kí wọ́n tó fi rọ́bà yín bò ó, ìyẹn pọ̀ nínú ọjà China, àlébù ẹ̀ ni pé ọwọ́ òsì kì í tètè gbóná bí ọ̀tún, torí irin ló wà lábẹ́ ẹ̀ ní òsì, irin yẹn á máa mu ooru, nígbà tó jẹ́ pé ike ló wà lábẹ́ ọ̀tún tí a fi ń fún máṣíìnì níná kó lè sáré. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń wé mọ́ ọn tó ń lo USB, kò ju bíi 10 watt lọ, kó má bàa jẹ́ pé mo fi sílẹ̀ ni mo ṣe dárúkọ ẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Heated grip gidi tó bá wà ní ìpele tó ga jù, ó lè fa bíi 4 amp, ìlọ́po 12 volt, 48 watt nìyẹn. Iná iwájú máṣíìnì kékeré sábà máa ń jẹ́ 35 watt. Ìyẹn ni pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lé máṣíìnì yẹn lórí ju iná iwájú ẹ̀ lọ! Bátìrì tó jẹ́ 5Ah (ìyẹn 5 amp fún wákàtí kan), tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kò lè gbé e ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, tó bá sì ti gbó kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Mo jìyà ẹ̀. Rewáyà tó bá mi ṣe é gbé wáyà tààrà látorí bátìrì, kò fi fíúùsì sí i, kò sì gbà á gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́, mi ò mọ̀. Mo yà kírun Àsùbáà lọ́nà, mo pa máṣíìnì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, ọkàn mi balẹ̀, kí n tó jáde ní mọ́ṣáláṣí, họ́ọ̀nù ò dún mọ́, sítátà ò yí, àmọ́ mo fọwọ́ kan rọ́bà ọwọ́ yẹn, ó ń gbóná rekete. Bùọ̀dá rewáyà mìíràn tó tún un ṣe fi ibi tí wáyà ti ń fi ara ra irin lọ́rùn máṣíìnì hàn mí, rọ́bà ara ẹ̀ ti ń bó, bàbà inú ẹ̀ ti ń yọjú. Tí ìyẹn bá fi kan irin láìsí fíúùsì, iná ló máa sọ.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é: fíúùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí bátìrì, kí ẹ lo relay, ìyẹn súwíìsì kékeré tó ń tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́, tó máa jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ẹ̀ á kú. Ẹ má gbà kí wọ́n já a mọ́ wáyà iná iwájú. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré, ọ̀dọ̀ kọ́ìlì tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì ni iná iwájú ti ń wá tààrà, ẹ̀yin náà ti rí i bó ṣe máa ń mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá fún un níná tó sì máa ń ṣe bàìbàì tẹ́ ẹ bá dín in kù, irú iná bẹ́ẹ̀ ò dáa fún un.

Ṣé ẹni tó wà ní Ìkòròdú nílò ẹ̀? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo ti tú tèmi, hand cover àti ìbọ̀wọ́ aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mò ń lò báyìí, ìka mi ń ká dáadáa dé Ọ̀dọ̀gunyàn. Ẹni tó bá ra máṣíìnì ńlá tòkunbọ̀ tí heated grip ti wà lára ẹ̀ látilé iṣẹ́ wọn, kó lò ó, wọ́n ti ṣe bátìrì ẹ̀ láti gbé e.

Ẹni tó fẹ́ jápa lọ síbi òtútù tó sì fẹ́ máa gun máṣíìnì lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe CBT ní UK (ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó pọn dandan fún ẹni tó fẹ́ gun máṣíìnì níbẹ̀), 125cc ló pọ̀ jù tó lè gùn, bátìrì ìyẹn náà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, kó wo ìwé máṣíìnì ẹ̀ kó tó rà á. Àbúrò mi kọ́kọ́ ra heated grip nìkan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àtẹ́lẹwọ́ mi ń jó, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ń kú," torí àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni grip ń mú gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ ni atẹ́gùn sì ń bá. Ìgbà tó fi hand cover bò ó ló tó gbádùn ẹ̀, ìpele kejì ló kù tó ń lò, bátìrì náà sì sinmi. Ìbọ̀wọ́ oníbátìrì náà wà, 7.4 volt, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ìka lòun ń mú gbóná, èèyàn sì lè gbé e látorí máṣíìnì kan bọ́ sórí òmíì, àmọ́ ojoojúmọ́ lẹ máa ṣáàjì ẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé lóru, òtútù ń dúró dè é láàárọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá parí fífi heated grip sí máṣíìnì yín, kẹ́ ẹ tó sanwó rewáyà, ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì lọ sí òsì pátápátá, ẹ yí i padà sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wáyà kankan ń fà. Ẹ wá lọ́ ọwọ́ ọ̀tún tá a fi ń fún un níná dé òpin, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Tí kò bá padà fúnra ẹ̀ kíá, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ rọ́bà ti wọ ibi tí kò yẹ tàbí wáyà ń dí i, kó tú u kó tún un tò lójú yín.