Epo pupa, àdín, òrí tàbí òróró àlòkù: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ ṣe ọṣẹ rà l'Abẹ́òkúta?

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó béèrè iye owó ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá.

Àdín ni mo máa kọ́kọ́ rà. Bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ ló jẹ́ ásíìdì lauric, òun ló ń mú kí ọṣẹ hó dáadáa. Epo pupa ní tirẹ̀ ń fún wa ní ọṣẹ tó le, tí kì í tètè yọ́, ṣùgbọ́n kì í hó tó bẹ́ẹ̀. Àdín nìkan sì máa ń gbẹ awọ ara. Nítorí náà, ẹ pò wọ́n pọ̀: epo pupa ìdá mẹ́rin, àdín ìdá kan. (A kì í gbé àdín sún mọ́ Èṣù, ọlọ́ṣẹ ò ní wàhálà yẹn.) Àdín tí wọ́n yan ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ lórí iná máa ń dúdú, òórùn rẹ̀ sì máa ń wọ inú ọṣẹ. Fún ọṣẹ tó máa mọ́ lójú, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún ni kí ẹ wá.

Epo pupa tó ń họ ọ̀fun, tí àwọn tó ń se oúnjẹ kì í fẹ́, dára púpọ̀ fún ọṣẹ. Kíkan rẹ̀ ò ba ọṣẹ jẹ́. Ẹ ná an dáadáa.

Òrí kì í hù ládùúgbò wa. Láti Ṣakí, Kwara àti Niger ló ti ń wá, owó ọkọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Díẹ̀ nínú ọṣẹ ìwẹ̀ ti tó. Ẹni tó fi òrí ṣe ọṣẹ ìfọṣọ ń fi owó ṣòfò ni.

Òróró àlòkù lọ́wọ́ àwọn alákàrà ló pọ́ọ́kú jù. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Àwọn kan á ní kí ẹ sọ ọ́ di dísẹ́ẹ̀lì. Lóòótọ́, kílò 100 òróró pẹ̀lú methanol (irú ọtí líle kan tí kò ṣeé mu) lè di nǹkan bíi kílò 100 dísẹ́ẹ̀lì àti kílò 10 glycerin. Ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ léraléra ti kan. Kọ́sítíìkì (sódà líle tí a fi ń ṣe ọṣẹ), tí wọ́n tún ń fi sí dísẹ́ẹ̀lì yìí, á sọ ọ́ di ọṣẹ nínú dírọ́ọ̀mù, dísẹ́ẹ̀lì ò sì ní yà sọ́tọ̀. Májèlé ni methanol, ó sì ń tètè gbaná. Ẹ má dán an wò nílé.

Kílò epo pupa kan ń gba kọ́sítíìkì tó tó nǹkan bíi gíráàmù 141, àdín 175, òrí 128. Ẹ ò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìtún un ṣírò. Kọ́sítíìkì kì í wọ́n ní Ìtòkú, àwọn aládìrẹ ń lò ó. Inú omi ni kí ẹ máa da á sí, kì í ṣe omi sórí rẹ̀.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n dání: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 epo pupa kò ju nǹkan bíi kílò 23 lọ. Ẹ gbé díẹ̀ kaná kí ẹ tó sanwó; bó bá ń ta pàràpàrà, omi wà níbẹ̀. Láàárín oṣù Kejì sí ìkarùn-ún ni epo pupa máa ń pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó ní dírọ́ọ̀mù àti owó lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kó rà á.