Bọ́tìnnì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó yọ mí lọ́wọ́ ìyá ìyàwó

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé òde ìnáwó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ará ilé tó wà ní London tàbí Houston lè máa wo ìdána àbúrò wọn bó ṣe ń lọ. Kámẹ́rà mẹ́ta, láptọ́ọ̀pù kan tí OBS wà lórí rẹ̀ (ètò tí mo fi ń yí kámẹ́rà, tí mo sì fi ń gbé fídíò jáde), èmi nìkan nídìí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá ìyàwó àti àbúrò rẹ̀ wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága ìjókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ owó aṣọ ẹbí. Máìkì alága wà ní ṣíṣí. Kí n tó fi mouse wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, àwọn ará London ti gbọ́ iye tó kù àti ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka owó náà tán o."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá pátákó kékeré oníbọ́tìnnì, èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ máa ń yan iṣẹ́ fún bọ́tìnnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tẹ eléyìí, kámẹ́rà yí. Tẹ tọ̀hún, máìkì kú. Mo ti lo oríṣi mẹ́ta.

Áàpù orí fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí owó. Nílé, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n Wi-Fi ni fóònù àti láptọ́ọ̀pù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, bí gbọ̀ngàn bá sì ti kún, màá tẹ bọ́tìnnì, màá ka ení, èjì, kí àwòrán tó yí. Gíláàsì ni ojú fóònù pẹ̀lú, ìka ò lè dá bọ́tìnnì mọ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ojú bá a wò ó. Ìgbà tí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, orúkọ rẹ̀ bo gbogbo bọ́tìnnì pátá. Ó tán síbẹ̀.

Èkejì jẹ́ pátákó kan tí kò lórúkọ, oníbọ́tìnnì mẹ́fà. Kíbọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Ẹ má fojú di í o. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì tó, kó rà á, ṣùgbọ́n kó yan láàárín F13 sí F24, àwọn kọ́kọ́rọ́ kan tí kọ̀ǹpútà mọ̀, fún àwọn bọ́tìnnì náà, torí pé wọn kì í sí lórí kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo wa ń lò. Lẹ́tà lásán ni èmi kọ́kọ́ fi sí i. Mo wá ń tẹ orúkọ ẹbí sójú fídíò, gbogbo "k" tí mo bá tẹ̀, kámẹ́rà á yí.

Àléébù rẹ̀ gan-an ni pé ó fọ́jú. Ó lè pa máìkì, kò lè sọ fún yín pé máìkì ti kú. Ẹni tí kò dá a lójú á tún un tẹ̀, ìtẹ̀ kejì yẹn ló sì máa ṣí i padà.

Ẹ̀kẹta, Stream Deck MK.2 ti ilé iṣẹ́ Elgato, ni mo wá dúró lé. Bọ́tìnnì 15 ló ní, ìlà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún. Ọdún 2021 ló jáde, dọ́là 149.99 ni wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Tòkunbọ̀ ni tèmi, Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti rà á. Àwòrán kékeré ń tàn lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá pa máìkì alága, àwòrán rẹ̀ á yí pa dà lójú mi. Ohun tí mo torí ẹ̀ sanwó nìyẹn, ìyókù jẹ́ èènì.

Mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Gèlè ni mo yà sí kámẹ́rà tó ń wo ìyàwó, fìlà sí ti ọkọ, ìlù sí máìkì àwọn onílù. Wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Multi Action, tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì kan ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Mo tẹ gèlè lẹ́ẹ̀kan: kámẹ́rà ìyàwó jáde, máìkì alága kú, ti onílù ṣí. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó á ti jó dé àárín agbo kí n tó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Igun òkè lápá òsì, níbi tí àtàǹpàkò mi ń bá láìwò, ni mo fi bọ́tìnnì pàjáwìrì sí: gbogbo máìkì á kú, àwòrán tọkọtaya á jáde pẹ̀lú orin. Ìyá ìyàwó ni mo ń pe bọ́tìnnì yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí iye bọ́tìnnì tàn yín. Stream Deck Mini, àbúrò rẹ̀, ní 6. Kámẹ́rà mẹ́ta, máìkì méjì àti pàjáwìrì, ó ti tán. Stream Deck XL, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní 32. Mo yá a lò rí níbi ìsìnkú kan, mo ń wá bọ́tìnnì bí ẹni ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ohùn ló ń tún ṣe jù, kó wo Stream Deck +, tó ní bọ́tìnnì 8 àti kókó mẹ́rin tí wọ́n ń yí.

Ètò Stream Deck gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà, Windows àti Mac sì ni ilé iṣẹ́ náà ṣe é fún. USB ló ti ń mu iná, nítorí náà bí NEPA bá ṣe tiwọn, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé e. Ẹ fún un ní ihò tirẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù. Mo so ó pọ̀ mọ́ kámẹ́rà méjì lórí hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) olówó pọ́ọ́kú kan rí, ṣe ló ń kú tó ń jí.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, Stream Deck àkọ́kọ́, ti ọdún 2017, ní wáyà tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ti MK.2 ṣeé yọ. Fún àwa tá à ń kó ẹrù láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, wáyà ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó lo tèmi tẹ́lẹ̀ ti da nǹkan dídùn sí ọ̀kan nísàlẹ̀, ó le koko, àfi kéèyàn fi agbára tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìyẹn gé owó ẹ̀ wálẹ̀. Òun ni mo fi ṣe bọ́tìnnì tó ń parí live, kí n má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.