Game Boy, Game Boy Advance SP àbí PSP: èwo ni kí ẹ rà?

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tòkunbọ̀ láti Japan, Game Boy Advance SP ni kí ẹ mú. Kásẹ́ẹ̀tì ìran mẹ́ta ló ń gbà: ti Game Boy tó jáde ní 1989, ti Color 1998 àti ti Advance 2001. Ọdún 2003 ni Nintendo gbé SP fúnra rẹ̀ jáde. Ó ń pa dé bí ìwé, kọ́kọ́rọ́ inú àpò kò sì ní ríbi ha ojú rẹ̀.

Àmọ́ SP ju SP lọ. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. AGS-001 ń gba iná láti iwájú, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń rí bí aṣọ tó ti ṣá. Ẹ̀yìn ni iná AGS-101 ti ń tàn, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, òun ló sì wọ́n jù. Wọn kò ta 101 ní Japan, torí náà ẹni tó bá ní "ti Japan ni, 101 sì ni" ní àlàyé láti ṣe. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ ike ara rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn á wá di irọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà láàárín, nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Bí iná bá kú pátápátá, 001 ni. Bó bá kàn dín kù, 101 ni, tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ ojú rẹ̀.

Bátìrì SP rọrùn láti pààrọ̀: síkúrù kan ló di ìdérí rẹ̀ mú. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣe ṣájì í mọ́. SP kò ní ihò yíáfóònù tirẹ̀. Ẹ nílò ohun tí wọ́n ń kì bọ ihò ṣájà.

Game Boy àkọ́kọ́ dùn ún ní, pàápàá fún ẹni tó mọ nǹkan tún ṣe. Bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, irú ti aago ara ògiri. Kò ní iná, kò sì ní àwọ̀. Àrùn rẹ̀ ni ìlà òòró tó ń pòórá lójú rẹ̀. Ẹ tàn án, kí ẹ yí róòlù ẹ̀gbẹ́ òsì dé òpin: ojú á dúdú, ìlà tó ti kú á sì hàn ní funfun. Gọ́ọ̀mù tó lẹ okùn pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì ló ti tú. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe lè rọra fi irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé gba orí rẹ̀ kọjá, kó tún lẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, ìlà mìíràn á tún lọ. Ẹ ṣí ilé bátìrì náà. Ìyẹ̀fun funfun tàbí ewé níbẹ̀, omi bátìrì ló ṣe é. Fínígà lórí òwú máa ń mú un kúrò, bí irin ibẹ̀ kò bá tíì jẹ tán.

Ní ti PSP, Sony gbé e jáde ní Japan ní December 2004. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó tó íńṣì 4.3, àmọ́ díìsìkì UMD ló ń gbà, ohun tó sì ń yí máa ń gbó. Ẹ má ra èyí tí wọn ò fi díìsìkì dán wò lójú yín. Bí ó bá ń kùn tí géèmù kò wọlé, ojú tó ń ka díìsìkì ló ti rẹ̀. Láìsí Memory Stick Duo, káàdì kékeré tó ń tọ́jú nǹkan pamọ́, kò ní rántí ibi tí ẹ bá géèmù dé. Lára àwọn ti Japan, bọ́tìnnì ○ ni "bẹ́ẹ̀ ni", ✕ sì ni "rárá". Ẹ yẹra fún PSP Go bí díìsìkì lẹ ní, kò ní ibi tí wọ́n ń fi í sí.

Géèmù láti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ èdè Japan ló máa wà nínú kásẹ́ẹ̀tì Japan. Géèmù eré sísá kò ní yọ yín lẹ́nu. Èyí tó kún fún ọ̀rọ̀ kíkà á sú yín.

Ẹ ka ara ṣájà kí ẹ tó kì í bọ iná. Bí INPUT bá jẹ́ 100V nìkan, iná 240V ti Nàìjíríà á jó o lẹ́ẹ̀kan náà.